Màmá Emeteria Abomifákèré, Atukọ̀ Adágún Titikaka (1947–2025)

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1947, ní erékùṣù Hankokala, láàárín adágún Titikaka, ni a bí Màmá wa ọ̀wọ́n, Emeteria Yanarico Calsina. Basilio Yanarico tí ó ń kan ọkọ̀, tí ó sì ń tu ọkọ̀, ni bàbá wọn. Juliana Calsina tí ó ń gé koríko tótórà létí omi ni ìyá wọn. Ìdílé Yanarico kì í ṣe ìdílé olówó. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ti Hankokala lọ sí èbúté Puno, tí kò sì fẹ́ bómi lọ, iwájú ilé Yanarico ló máa kọ́kọ́ dé.

Basilio kò bí ọmọkùnrin. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kẹrin yìí lé e lọ́wọ́, wọ́n ní ó wo ọmọ náà títí, ó wá ní, "Ó dáa. Èyí á tukọ̀." Ìyá ọmọ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá.

Ní ọdún 1955, wọ́n fi Màmá sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan létí adágún. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n lò níbẹ̀, nítorí pé ọ̀nà omi jìn, àti pé olùkọ́ wọn kò fẹ́ gbọ́ èdè Aymara tí à ń sọ nílé lẹ́nu ọmọ kankan. Síbẹ̀ Màmá mọ ìwé kà, wọ́n sì mọ orúkọ ara wọn kọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ débi pé wọ́n fi ọ̀bẹ fín in sára ọkọ̀ tuntun tí bàbá wọn kàn fún oníbàárà, wọ́n sì jẹ ẹgba lórí rẹ̀ dáadáa.

Láti ìgbà náà, inú ọkọ̀ ni Màmá wà. Bàbá wọn kọ́ wọn láti máa wo èéfín ilé ìdáná láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìgbòkun, kí wọ́n mọ afẹ́fẹ́ tó ń ti orí omi bọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń ti orí òkè oníyìnyín bọ̀. Ó kọ́ wọn láti máa wo ibi tí ẹyẹ omi kọ́ ìtẹ́ sí lára tótórà. Bí ìtẹ́ bá ga, adágún á kún lọ́dún náà. Bó bá wà nísàlẹ̀, kí oníkálukú tọ́jú oúnjẹ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ ọkọ̀ Basilio láì kọ́kọ́ ju ewé kóka sómi, láti fi tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ Ìyá Adágún tó ni omi. Bí ẹni náà bá ní òun ń kánjú, Basilio á ní, "Ó dáa, máa fẹsẹ̀ rìn lọ."

Ní ọdún 1968, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú olóògbé Nicanor Cutipa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bínú. Ọmọ erékùṣù ni Nicanor, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kúrò létí omi báyìí, èébì ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Melitón ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí í ṣe olórí ẹbí, ló fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà. "Ẹ fẹ́ ẹ fún un jàre," ni Bàbá Melitón wí. "Ó kéré tán, ẹnìkan nínú ilé wa á mọ ọ̀nà Puno." Agboolé kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń gbé, ògiri kan ló pín wọn níyà. Láti ọjọ́ tí Màmá ti wọlé, "ìyàwó" ni Bàbá Melitón ń pè wọ́n. Ìyàwó, wá jẹun. Ìyàwó, báwo lomi ṣe rí lónìí? Nígbà tí Ọlọ́run sì fi ọmọkùnrin kan ta Bàbá Melitón lọ́rẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àìrọ́mọbí, tí wọ́n sọ ọ́ ní Delfín, "Bàbá Delfín" ni Màmá ń pe òun náà. Delfín kì í kúrò nínú ọkọ̀ Màmá. Ibẹ̀ ló ti ń sùn lọ́sàn-án, orí ìgbòkun tí wọ́n ká.

Ọdún 1983 ló kàn. Ìdílé fẹ́ fò ó nínú ìwé yìí. Bàbá Melitón fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́, kí a má sì fi ohunkóhun bò.

Òjò kọ̀, kò rọ̀. Pòtétò gbẹ mọ́ inú ebè, àgùntàn ń jẹ tótórà gbígbẹ, omi adágún sì ń sá kúrò létí ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Hankokala, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àkèré ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́. Wọ́n á kó àkèré ńlá inú adágún sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba tí wọn ò fi ní kú, wọ́n á sì gbé wọn lọ sórí òkè tó ga jù lérékùṣù. Níbẹ̀, nínú oòrùn, àwọn àkèré á máa ké. Ọ̀run á gbọ́, á ṣàánú wọn, òjò á rọ̀ kún ìkòkò, àkèré á bọ́ síta, wọ́n á sì padà sómi. Bàbá Melitón ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ sí ọ̀run lórí òkè náà. Ọkọ̀ Màmá ló kó àwọn àkèré wá, nítorí náà Màmá ni wọ́n ní kó ṣọ́ wọn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá ṣọ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì, Màmá kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Igbe àkèré nínú oòrùn òkè yẹn, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí, kó má gbàdúrà láti gbọ́ ọ. Ó dà bí ohùn ọmọdé tó ti sunkún títí tó ti rẹ̀ ẹ́. Màmá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kànga, wọ́n pọn omi, wọ́n gun òkè padà, wọ́n sì dà á sínú àwọn ìkòkò náà títí tí wọ́n fi kún. Àwọn àkèré dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Màmá kó gbogbo wọn sínú yẹ̀rì, ó di etí adágún.

Ìkòkò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni Bàbá Melitón bá lókè.

"Ìyàwó, àwọn àkèré dà?"

"Mo ti dá wọn padà, Bàbá Delfín."

"O dá wọn padà? Ṣé òjò ti rọ̀ ni?"

"Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Mo bu omi fún wọn, wọ́n bá jáde."

"Yéè! O bu omi fún wọn! Wọ́n mumi tán, wọ́n dákẹ́! Ta ló máa wá bá wa sunkún báyìí?"

Àwọn ará erékùṣù tún wá àkèré mìíràn lọ, wọ́n tún gbé wọn gòkè, ṣùgbọ́n òjò kò dé títí àsìkò ọ̀gbìn fi lọ. Gbogbo Hankokala ló gbà pé Màmá ló pa igbe náà mọ́ àkèré lẹ́nu. Wọ́n sọ wọ́n ní Abomifákèré. Àwọn ọmọdé fi ṣorin kọ. Àwọn àgbà kò wọ ọkọ̀ wọn mọ́, wọ́n ní àánú ojú Màmá ló fẹ́ gbẹ adágún.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún náà, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Delfín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ebi ti jẹ́ kó rù, òtútù sì mú jọjọ. Nígbà tí Màmá gbọ́ ikọ́ náà láti ara ògiri, wọ́n lọ ta ìgbòkun, wọ́n tẹ́ awọ àgùntàn sísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ dáa, pé bí àwọn bá gbéra nísinsìnyí, oòrùn ò ní tíì wọ̀ tí ọmọ á fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Puno.

Bàbá Melitón ní, "Ọmọ mi ò ní wọ ọkọ̀ rẹ."

"Bàbá Delfín, ẹ bú mi nígbà tá a bá dé. Ẹ jẹ́ ká lọ ná."

"Mo ní kò ní wọ̀ ọ́."

Bàbá Melitón dúró de ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ náà dé lọ́jọ́ kejì. Delfín ti lọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà ni Bàbá Melitón kò ti bá Màmá sọ̀rọ̀ mọ́. Ogójì ọdún, nínú agboolé kan náà! Bí ọ̀rọ̀ bá wà, Bàbá Melitón á kọjú sí àbúrò rẹ̀: "Nicanor, sọ fún ilé rẹ pé adìẹ wọn wà lórí òrùlé mi." Nígbà tí Nicanor kú ní ọdún 2009, ajá ló gba iṣẹ́ náà: "Ajá, sọ fún wọn pé ìgbòkun tí wọ́n sá fẹ́ fò lọ." Àwọn ọmọ Màmá máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Màmá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n á lọ ká ìgbòkun, wọ́n á ní, "Ajá, bá mi dúpẹ́." Nítorí ikú ọmọ náà, àwọn ènìyàn ti dẹ́kun láti máa pe Bàbá Melitón ní Bàbá Delfín, àánú ni kò jẹ́ kí wọ́n pè é. Màmá kò sì láǹfààní láti pè é. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń tọrọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ wọn mọ̀ ọ́n nítorí Màmá kì í gbàdúrà jẹ́jẹ́: kí Bàbá Melitón tún pe òun ní ìyàwó kí òun tó kú.

Síbẹ̀ ẹ má rò pé Màmá fi ìbànújẹ́ jókòó. Lọ́dún 1991 tí wọ́n kan ọkọ̀ tiwọn tuntun, ABOMIFÁKÈRÉ ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sí i lára. "Ẹ ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí fáwọn tó wá wò ó, "ẹ máa rí i kà báyìí." Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èrò padà sínú ọkọ̀ wọn, nítorí ìjì adágún yìí kì í bojú wo ẹni tó ń bá ẹni jà. Aboyún, aláìsàn, ọmọ ilé ìwé, òkú tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá sin sílé, ọkọ̀ Màmá ló gbé wọn. Bí ọjọ́ Màríà Olúbùkún bá pé nínú oṣù Kejì, wọ́n á fi òdòdó ṣe ọkọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á gbé ère Màríà yí erékùṣù ká, wọ́n á sì ju ewé kóka sómi bí bàbá wọn ti kọ́ wọn. Àlùfáà kan bi wọ́n pé èwo ni wọ́n gbàgbọ́ gan-an nínú méjèèjì. Màmá ní, "Fádà, ẹ jókòó dáadáa, ìgbì ń bọ̀."

Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí Màmá kó àwọn àkèré ọjọ́sí lọ. Ìsun omi tútù kan wà lábẹ́ adágún, láàárín àpáta méjì, tó jìn sí Hankokala. Ibẹ̀ ni wọ́n tú wọn sí. Wọ́n máa ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkèré adágún lọ tà nílùú ńlá fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́ mu bí oògùn, Màmá bá méjì nínú wọn nítòsí àpáta náà, wọ́n sì fi àjẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi ju àwọ̀n sílẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ni Màmá lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdọ̀tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ adágún, tí àkèré ń kú, tí wọ́n ń léfòó létí omi, inú wọn lókè. Màmá sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n rí i.

Ní ọdún 2023, ọ̀dá tún dé, èyí tó burú ju ti àtijọ́ lọ. Omi fà sẹ́yìn débi pé ọkọ̀ ń sùn lórí ẹrẹ̀. Ìpàdé erékùṣù pinnu pé kí wọ́n tún gbé àkèré gòkè. Bàbá Melitón nìkan ló ṣì mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí òkè. Ṣùgbọ́n àkèré dà? Àwọn ọ̀dọ́ ju àwọ̀n títí, ẹyọ kan wọn ò rí. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Màmá.

Màmá dìde. "Mo mọ ibi tí wọ́n wà. Mi ò ní sọ ọ́. Mo lè gbé ẹni tó máa tọrọ wọn lọ́wọ́ Ìyá Adágún débẹ̀."

Bàbá Melitón nìyẹn. Bàbá Melitón sọ fún ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà pé, "Ajá, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la."

Bí ó ṣe kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ Màmá láti ogójì ọdún nìyẹn. Ó jókòó síwájú, ó kẹ̀yìn sí Màmá. Màmá wà nídìí ìtọ́kọ̀. Wọ́n ju ewé kóka sómi, wọ́n gbéra. Kò pẹ́ tí ìkùukùu fi bo gbogbo ojú omi, tí òkè oníyìnyín pòórá, tí ilé ìjọsìn Hankokala pòórá. Màmá ń fi afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tọ ọ̀nà, wọ́n ń tẹ́tí sí ìró omi lára tótórà. Ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni. Àmọ́ adágún ti fà, àpáta tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ti yọ orí lójú ọ̀nà náà, òun ni ọkọ̀ sì dorí kọ.

Bàbá Melitón fò dìde. "Emeteria! Ọ̀tún! Ọ̀tún, àpáta!"

Màmá fi gbogbo ara ti ìtọ́kọ̀. Ọkọ̀ ha àpáta náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá.

"Mo ti rí i, Bàbá Delfín," ni Màmá wí.

Màmá sọ fún àwọn ọmọ wọn pé irọ́ ni òun pa, òun kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní Bàbá Melitón dúró síbẹ̀, ó di òpó ìgbòkun mú. Ó ń ṣọ́ àpáta níwájú títí wọ́n fi débi ìsun náà. Àwọn àkèré wà níbẹ̀. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Bàbá Melitón ló ní kí Màmá wá ṣọ́ wọn lórí òkè. Àwọn méjèèjì jókòó ti ìkòkò. Oòrùn mú, àwọn àkèré bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màmá fi aṣọ ìbora bo etí, agbè omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Omijé ń bọ́ lójú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìgbà tí igbe náà wá tín-ín-rín, Bàbá Melitón sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó. Bu omi fún wọn."

Màmá rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Rárá o, Bàbá Delfín. Wọ́n á dákẹ́. Òjò ò ní rọ̀."

"Mo ní kó o bu omi fún wọn. Igbe tí Ọlọ́run bá fẹ́ gbọ́, ó ti gbọ́ ọ." Bàbá Melitón gbé agbè náà fún Màmá. "Ìwọ kọ́ lo pa ọmọ mi. Ọkọ̀ rẹ wà létí omi, èmi ni mo ní rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni."

Màmá da omi sínú ìkòkò. Bàbá Melitón bá wọn di ìdí agbè mú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jọ dá àwọn àkèré padà síbi ìsun omi wọn.

Òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn kan ní àkèré ló bẹ̀ ẹ́ wá, àwọn kan ní àsìkò rẹ̀ ló tó. Wọ́n ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Màmá kò dá sí i. Ohun tí Màmá ń tọrọ ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbọ́ ọ láti ara ògiri: ìyàwó, wá jẹun, ìyàwó, báwo lomi ṣe rí? Ajá pàápàá sinmi.

Àìsàn ọkàn dá Màmá gúnlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ọdún 2025, lẹ́yìn tí wọ́n bèèrè ibi tí èéfín ń dà sí, Màmá mí èémí ìkẹyìn nínú ilé wọn ní Hankokala, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Primitiva, Saturnino àti Yeny, àwọn ọmọ. Àwọn ọkọ àti ìyàwó wọn. Ọmọ-ọmọ méje, tí Nayra tó ń tu ọkọ̀ ABOMIFÁKÈRÉ báyìí jẹ́ àgbà wọn. Àti Bàbá Melitón Cutipa, ẹ̀gbọ́n ọkọ.

Gbogbo ẹni tó bá gun òkè wá síbi ìsìnkú máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ Nicanor kọ́ ni ibojì Màmá wà, bí a ti kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Màmá kú, Bàbá Melitón fi ọ̀pá gun òkè lọ sí itẹ́ òkú, ó sì fi ọwọ́ han àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní ààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delfín, èyí tó ti fi pamọ́ fún ara rẹ̀ láti ọdún 1983. Àwọn ọmọ Màmá ní rárá, pé ààyè Bàbá Melitón nìyẹn. Bàbá Melitón ní, "Ọmọ náà fẹ́ràn láti máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dí i lọ́nà nígbà kan. Ẹ má jẹ́ kí n dí i lọ́nà lẹ́ẹ̀kejì."

Ìdílé dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ la omi kọjá wá bá wa kẹ́dùn. Ìyá Adágún á gbé yín padà délé láyọ̀.

Màmá, ẹ sùn re. Delfín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹ bá wa bu omi fún un.